Sípíríǹgì Mi Tó Kù sí Ìlọra

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Ara mi le, ẹ̀yìn kò ro mí, kẹ̀kẹ́ mi náà ń bẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín láti Ìlọra ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo kúrò nílé, èyí tí mo ti ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Púpọ̀ nínú yín fèsì. Ẹ bá mi bínú, àwọn kan tilẹ̀ bá mi ṣépè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ohun tó yà mí lẹ́nu ní ìlú yẹn, ẹnu náà kò tíì padé títí di òní.

KẸ̀KẸ́ NÁÀ

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, tíṣà ni mí. Orí òkè ni ilé-ẹ̀kọ́ mi wà, láàárín àpáta, níbi tí ọ̀kadà kì í dé. Ẹsẹ̀ ni àwọn tíṣà méjì tó ṣáájú mi fi ń gun òkè náà. Ẹni àkọ́kọ́ lo ọdún kan, ẹnì kejì kò lò tó táàmù kan kó tó sá lọ. Èmi ra kẹ̀kẹ́. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tó ní sípíríǹgì níwájú tó tún ní lẹ́yìn, tí wọ́n dìídì ṣe fún òkè àti òkúta. Kò wọ́n rárá, kò sì pẹ́ tí mo fi mọ ìdí tí kò fi wọ́n.

Bíréèkì rẹ̀ ń ké ṣùgbọ́n kì í mú, mo pààrọ̀ rẹ̀. Táyà rẹ̀ ti họ, mo wá èyí tó ní eyín ńláńlá. Mo pààrọ̀ ìjókòó, mo pààrọ̀ pẹ́dà, mo pààrọ̀ ṣéènì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní aṣọ tí mo rà fún kẹ̀kẹ́ yìí ti pọ̀ ju èyí tí mo rà fún ara mi lọ. Irọ́ kọ́ ló pa.

Ó wá ku sípíríǹgì ẹ̀yìn, èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó. Òun ló yẹ kó máa gba ìyà òkúta kí ìyà náà má bàa dé ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún. Tèmi ti kú. Bí mo bá kọjá lórí òkúta, á lọ sílẹ̀ gbì, kò ní í fẹ́ padà sókè mọ́. Dókítà yẹ ẹ̀yìn mi wò, ó ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì: kí n wá nǹkan ṣe sí kẹ̀kẹ́ náà, tàbí kí n fi òkè yẹn sílẹ̀. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, ta ni yóò lọ kọ́ àwọn ọmọ yẹn? Àwọn òbí wọn bi mí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo mẹkáníìkì ilé wa ló mirí sí i. Awakọ̀ kan tó máa ń wá kó iṣu ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Ìlọra, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ni. Mo di ẹrù mi, mo gun kẹ̀kẹ́, ó di Ìlọra.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e sínú ọkọ̀. Mo ti gbé e sínú ọkọ̀ rí, wọ́n kó àpò gàrí lé e lórí, ríìmù rẹ̀ sì ká kò. Ọ̀nà ọ̀dà kì í sì í yọ ẹ̀yìn mi lẹ́nu, òkúta ilé wa ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ké títí pé ajínigbé wà lọ́nà. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó mú ọ̀dà èékánná pupa, ó fi kán tó-tó-tó sí gbogbo ara kẹ̀kẹ́ náà, láti orí ọwọ́ rẹ̀ dé orí sípíríǹgì. Ó ní àwọn mẹkáníìkì òkèèrè máa ń yọ ohun olóhun, wọn á fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, kí n la ojú mi dáadáa. Mo la ojú mi lóòótọ́. Àlàjù ni mo là á.

FÌDÍTÌ

Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni mo wọ Fìdítì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì lókìtì-lókìtì. Òórùn wọn nìkan tó láti yọ ènìyàn kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, ìkíni ti bò mí: ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ṣé dáadáa lẹ dé? Àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọn ò mọ̀ mí rí. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń kí.

Obìnrin kan dìde láàárín wọn, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú. Èmi náà dì í mú. Ó fà á, mo fà á. Ẹ̀rín ni mo fi ń rántí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni. Àṣé ó fẹ́ gbé e sábẹ́ ibòji ni, kí táyà má bàa gbóná. Àlàájà Múínà ni wọ́n ń pè é, ó ń ta èso níbẹ̀, ó tó ẹ̀gbọ́n mi. Ó bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Mo ní Àkókó. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí, ó tún wo kẹ̀kẹ́. Ó ní, “Lórí èyí?” Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ̀, ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo obìnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti Àkókó. Wọ́n wá. Ìyá kan tẹ iṣan ẹsẹ̀ mi wò bí ẹni tó ń yan iṣu.

Ilé Àlàájà ni mo sùn sí ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi, kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ó ní ẹni tó rìn tó bẹ́ẹ̀ kì í sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi tí mo ti fi ọ̀bẹ kékeré sínú báàgì nítorí àjèjì àti olè, ojú tì mí díẹ̀.

Ìwà wọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní ilé wa, bí nǹkan kò bá dára, a ó ní kò dára. Ní Fìdítì, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé rárá. Mo bi wọ́n pé ṣé Ìlọra jìnnà, wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Mo ní ṣé ó súnmọ́ nígbà náà, wọ́n ní kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́. Bàbá àgbàlagbà kan kọjá, mo kí i ní ìdúró bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Àlàájà rọra fa ìró tí mo ró lé ṣòkòtò mi, orúnkún mi sì kanlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá náà súre fún mi bí ẹni pé mi ò ṣẹ̀ rárá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti iyán. Nítorí pé Àkókó ni mo ti wá, Àlàájà gún iyán fún mi. Iyán náà rọ̀ jù. Ó bi mí pé ṣé ó dùn. Ẹ mọ ẹnu mi. Mo ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò le tó tiwa, tiwa máa ń fa ọwọ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, tíṣà.” Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọmọ odó ní ẹ̀yìnkùlé, gbì-gbì-gbì, kò dáwọ́ dúró, ó pẹ́ débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú wò ó. Iyán tó gbé wá le, ó ń dán, ó ń fa ọwọ́. Àlàájà jókòó tì mí, àágùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò mẹ́nu bà á. Ojú tì mí, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ó yẹ kí n ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀ ní agbègbè yẹn. Mi ò kẹ́kọ̀ọ́.

ÌLỌRA

Ọkùnrin tí mo wá bá ní Ìlọra, Ògúnlékè lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, epo ẹ́ńjìnnì sì ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé ọṣẹ kò lè yọ ọ́ mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́, níwájú agbo ilé wọn. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yin àgbàdo. Kẹ̀kẹ́ Ògúnlékè náà fara ti igi, irú tèmi gan-an, àwọ̀ ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ ki, ó dúdú, ó le. Ara irin ọ̀kadà ló ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó wọ̀ mí lójú, ẹ ò ní í bá mi wí.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi nígbà mẹ́ta, ó gbé etí sí i. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: òkúta ọ̀nà mi, ṣé ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni tàbí roboto? Ṣé òwúrọ̀ ni mo ń gùn ún, nígbà tí ìrì wà nílẹ̀? Ìwé tí mo ń gbé, ṣé iwájú ni mo ń dì í sí tàbí ẹ̀yìn? Mo dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọlé láìpẹ́, pé bí kò bá ṣeé ṣe, mo ti bá òkè dágbére nìyẹn. Mo wá fi àmì pupa hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ pé ojú mi là. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ní, “A ó wò ó. Ẹ padà wá ní ọ̀tunla.”

Ìyá rẹ̀ sọ fún mi láti ibi tó wà pé kí ọkàn mi balẹ̀, pé ọmọ òun kì í fi ohun tí kò bá tíì gùn fúnra rẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́. Mo rò pé ó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn ni. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Fìdítì, ara mi kò lélẹ̀ títí di ọ̀tunla.

Ọ̀TUNLA

Mo dé lówùúrọ̀, Ògúnlékè kò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi wà lábẹ́ máńgòrò, wọ́n fi àpò bò ó. Ìyá Àgbà ní ó lọ sóko, kò ní í pẹ́ dé, kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo lọ dúró létí títì, mò ń wọ̀nà.

Mo rí i tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé rẹ̀, àdá wà lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà ń jó sókè sódò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, oòrùn tàn sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mo rí àmì pupa.

Sípíríǹgì mi! Ọ̀dà èékánná ẹ̀gbọ́n mi! Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ni mo ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Olè! Olè ni ọ́! Mo fi àmì sí i, o sì tún jí i!” Mi ò rántí láti fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò rántí àgbà. Àwọn ènìyàn tú jáde láti ojúlé dé ojúlé. Ọlọ́kadà méjì dúró. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo fi ariwo bò ó. Ibẹ̀ ni mo ti yọ fóònù, tí mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí yín, pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnlékè ní Ìlọra ti jí sípíríǹgì mi, pé olè ni. Mo sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ lè gbọ́ ọ dáadáa.

IRIN

Baálé wọn jáde. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó bojú wo àmì pupa náà, ó ní òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ó ní nínú agbo ilé àwọn, bí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kan Mùsùlùmí, Kùránì ló ń dì mú. Ọmọ Ògún, irin ló ń fi ẹnu kàn. Wọ́n mú àdá tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Ògúnlékè, wọ́n nà án sí i.

Ògúnlékè wo àdá náà. Kò gbà á. Ó ní òun kò ní í búra.

Ariwo sọ. Mo yíjú sí gbogbo wọn, mo ní ṣé ẹ rí i báyìí? Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ọmọ Ògún tó sá fún irin, ẹjọ́ ti tán. Baálé pàápàá wolẹ̀, ó bi í pé kí ló dé.

Ó ní, “Bàbá, mi ò jí nǹkan kan. Bí mo bá fẹnu kan irin, èmi kọ́ ni Ògún máa bá jà, ẹni tó pè mí lólè ni. Àlejò sì ni. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, kẹ̀kẹ́ tó sì máa gùn lọ sílé, irin náà ni.”

Síbẹ̀, mi ò tíì lóye. Ìyá Àgbà ló dìde, ó gbọn ìyàngbò àgbàdo kúrò lára, ó rìn lọ sábẹ́ máńgòrò, ó ká àpò kúrò lórí kẹ̀kẹ́ mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wá gùn ún.”

Mo wò ó. Lábẹ́ ìjókòó mi, sípíríǹgì dúdú tó ki, tó le, èyí tó wọ̀ mí lójú lọ́jọ́ kìíní, ló wà níbẹ̀. Tirẹ̀. Wọ́n ti pa á lépo, wọ́n ti de ìdè rẹ̀ tuntun. Mo wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo wo tèmi. Ó yọ ti ara rẹ̀ fún mi, ó fi òkú sípíríǹgì mi sábẹ́ ìdí ara rẹ̀, ó gùn ún lọ sóko fún ọjọ́ méjì kó lè mọ ibi tó ti ń dùn ún. Mo sì pè é lólè níwájú ìyá rẹ̀.

Wọ́n ní kí n gùn ún, mo gùn ún. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà níwájú agbo ilé wọn. Mo bọ́ sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ìkankan tó dé ẹ̀yìn mi. Mò ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo padà dé, mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, mi ò rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó ní, “Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.”

Ó ní òun kò tíì mọ ohun tó ń ṣe sípíríǹgì mi, pé ó lu òun ní ìbàdí débi pé òun kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa láti àná, ṣùgbọ́n òun yóò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mi kò lè dúró dè é. Kí n máa mú tòun lọ.

ILÉ DÉ ILÉ

Mo rò pé ó ti parí. Baálé ní kò tíì parí. Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ibi tí mo ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ olè yẹn, kí ẹsẹ̀ mi dé ibẹ̀, kí n fi ẹnu tí mo fi sọ ọ́ kó o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ bàbá rẹ̀ lòun náà ti bá a.

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló mú mi káàkiri pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Agbo ilé mọ́kànlá. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mo pe Ògúnlékè lólè. Kì í ṣe olè. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.” Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni kò bú mi. Wọ́n ní ó ti tán, ẹ kú ìrìn, wọ́n gbé omi fún mi. Wọ́n fún mi ní ọsàn, wọ́n fún mi ní àgbàdo, títí báàgì mi fi kún. Bàbá kan kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ fẹ̀sùn olè kan Ògúnlékè fún un kí n tó lè yọ ọ́ kúrò. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí a kúrò ní ilé kọkànlá, ó bi mí bóyá ó ṣì ku ibì kan tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ọwọ́ mi kan fóònù nínú àpò mi. Mo ní, “Ó ku ilé wa, ìyá.” Ó ní ẹ̀n, ó jìnnà díẹ̀, kí n tètè máa lọ.

Mo ti padà sórí òkè láti ọjọ́ Ajé. Mo gùn ún dé iwájú kíláàsì láìsọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn kò ro mí. Ní Ìlọra, ọkùnrin kan ṣì ń gun òkú sípíríǹgì mi lọ sóko, pẹ̀lú àmì pupa ẹ̀gbọ́n mi lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ni ilé kejìlá. Ẹni tó bá ti fi ohùn mi ránṣẹ́ síwájú, kó fi èyí náà tẹ̀ lé e, kó dé gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo pe Ògúnlékè ará Ìlọra lólè. Kì í ṣe olè. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.